Ẹkùn Tí A Ò Rí ní Kùmásí

Kí a tó kúrò nílé ni àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún méje, ti ya àwòrán ẹkùn sínú ìwé rẹ̀. Ó kùn ún ní àwọ̀ ọsàn, ó sì fa ilà dúdú gbọọrọ sí i lára láti ọrùn dé ìrù. Ó ní bí a bá dé ọgbà ẹranko Kùmásí, òun yóò gbé àwòrán náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹkùn gidi, kí a ya òun ní fọ́tò níbẹ̀. Ìyá àgbà gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá bi í pé, "Ọkọ mi, ta ló kọ ilà fún ẹkùn?"

A bú sẹ́rìn-ín. Eré la pè é. Ìgbà tí a rìnrìn àjò náà dé òpin la tó mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni, àti pé àwa òbí náà ò mọ ẹkùn tó bí a ṣe rò.

Ìdí tí a fi mú Kùmásí

Ìlú Gánà ni wọ́n bí ìyá àgbà sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wọn ti wá, Kùmásí ni wọ́n sì ti ń ṣòwò, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ṣakí àti Ìgbòho ṣe ń ṣe nígbà náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àìmọye Yorùbá ló palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá àgbà nígbà tí wọ́n gbé wọn sínú ọkọ̀ padà sílé tí wọn ò dé rí.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa nípa Kùmásí, ọ̀kan wà tí a kì í gbà gbọ́ tán. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn àdán á gbéra láàárín ìlú, ojú ọ̀run á sì dúdú fún wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ gba ọlidé, a sọ fún ara wa pé kí a gbé ìyá àgbà lọ wò ó kí ẹsẹ̀ wọn tó kọ ìrìn. Àwọn ọmọ ní tiwọn gbọ́ pé ọgbà ẹranko wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí.

A gba Sẹ̀mẹ̀, a la Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kọjá, a wọ Gánà ní Aflao. A sùn ní Àkrá, ilẹ̀ mọ́, a sì kọjú sí Kùmásí, tí ó tó nǹkan bí 250 kìlómítà sí Àkrá.

Ọgbà ẹranko láàárín ariwo ọjà

Ẹni tó bá ń wá ọgbà ẹranko Kùmásí kò ní rìn jìnnà. Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ Kejetia gan-an ló wà, kò jìnnà sí Ilé Àṣà, ìyẹn Centre for National Culture. Ìgbìmọ̀ àwọn lọ́balọ́ba Kùmásí ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1951, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo èèyàn ní ọdún 1957, ọdún kan náà tí Gánà gba òmìnira. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí àwọn ará ìlú lè rí àwọn ẹranko ilẹ̀ tiwọn, kí wọ́n sì tọ́jú wọn.

Ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa máa padà sí.

Láti inú ariwo àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń polówó ọjà, a kàn yà wọ abẹ́ igi báyìí ni, ara sì tù wá. Àwọn ọmọ sáré síwájú. Wọ́n rí ọ̀nì tó dùbúlẹ̀ bí ẹni pé ó ti kú, tí ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀. Wọ́n rí ọ̀bọ tó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wò ó. Wọ́n rí ìjàpá, ẹ̀gbọ́n obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́ fún àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Níwájú òòrẹ̀ la ti dúró pẹ́ jù. Òòrẹ̀ ni àwọn Asante ń pè ní kotoko, òun sì ni àmì ìjọba wọn. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe ni pé bí ẹ̀gún òòrẹ̀ ṣe pọ̀ tí kò lóǹkà ni ọmọ ogun Asante ṣe pọ̀: bí ẹnì kan bá pa ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún mìíràn á tún dìde. Orúkọ yìí náà ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Asante Kotoko ń jẹ́. Ọdún 1935 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ àwọn àgbà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà ní ọdún 1970 àti 1983. Ọmọ wa tí kò bìkítà fún òòrẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó tìyanutìyanu nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ó bi wá bóyá lóòótọ́ ni òòrẹ̀ máa ń ta ẹ̀gún bí ọfà. Rárá o. Ńṣe ló máa ń na ẹ̀gún rẹ̀ sókè, tí á sì fi ẹ̀yìn rọ́ lu ohun tó ń dà á láàmú. Ẹ̀gún tó bá wọlé sí ẹran ara ni yóò já sílẹ̀ níbẹ̀.

"Táígà dà?"

Lẹ́yìn tí a yíká tán, ọmọ náà yọ ìwé rẹ̀ jáde. "Ẹkùn dà?" Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà, bàbá kan tó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn oníṣòwò Kejetia, wo àwòrán náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹranko yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ó ní osebo ni ti ilẹ̀ Asante, osebo ò sì ní ilà lára, àmì tótòtó ló ní. Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń wí! Osebo! Ohun tí a ń pè é nígbà náà nìyẹn. Òun gan-an ni ẹkùn."

Ẹ jẹ́ kí a là á bí wọ́n ṣe là á fún wa, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ló wà nínú àṣìṣe kan náà.

Ẹranko àwọ̀ ọsàn tó ní ilà dúdú, tí àwọn ọmọ ń rí nínú eré àwòrán àti lára páálí oúnjẹ àárọ̀, táígà ni. Ilẹ̀ Éṣíà ni ilé rẹ̀: Íńdíà, Bangladesh, Indonesia, àti títí dé apá ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Íńdíà ló pọ̀ sí jù, wọ́n sì ju 3,000 lọ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní ọdún 2022. Táígà fẹ́ràn omi púpọ̀. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, àwọn tó wà ní Sundarbans, láàárín Íńdíà àti Bangladesh, sì ń wẹ odò kọjá láti erékùṣù kan sí èkejì. Kò sí táígà kankan nínú igbó Áfíríkà, kò sì sí ẹ̀rí pé ó fìgbà kan wà nínú igbó Yorùbá tàbí ti Asante.

Ẹkùn tí àwọn ọdẹ wa ń fi ìjálá kì, tí a fi ń ki ọba àti jagunjagun, tí àwọn ọba àtijọ́ ń tẹ́ awọ rẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀, ẹlòmíràn ni. Ara rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé gbígbẹ, àmì dúdú tótòtó sì bò ó. Ó máa ń gun igi, ó máa ń gbé ẹran tó pa sórí ẹ̀ka, ó sì máa ń dá rìn lóru. Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ wá ṣòwò sí etíkun wa ló ń pè é ní táígà nínú ìwé wọn, ó sì wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wa bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé àwòrán dé, orúkọ ẹkùn sì lọ bá ẹranko Éṣíà. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ń dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ọmọdé ló rí orí ẹranko alámì tótòtó náà lára ọkọ̀ wọn tí kò mọ̀ pé ìdílé ẹkùn gidi ló ń wò.

Ọmọ wa gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá béèrè ohun tí a kò múra sílẹ̀ fún. "Ó dáa, ẹkùn tiwa náà ńkọ́? Ibo ló wà?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹkùn

A kò rí ẹkùn nínú ọgbà náà lọ́jọ́ tí a lọ, inú igbó gan-an ló sì ti ṣòro láti rí jù. Lágbègbè wa níhìn-ín, ẹkùn ti di ohun àwátì ní ọ̀pọ̀ igbó tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Igbó tí a gé fún kòkó àti igi pákó wà lára ohun tó fà á. Àwọn ẹran bí ìgalà àti ẹtu, tí ó yẹ kí ó pa jẹ, àwa èèyàn ti pa wọ́n jẹ tán níbi púpọ̀. Awọ rẹ̀ náà sì níye lórí. Ibi tí ó ṣì ti rí ààyè gbé dáadáa ni igbó ńlá W-Arly-Pendjari, tí Bẹ̀nẹ̀, Burkina Faso àti Niger jọ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ayékòótọ́. Odídẹ ni ẹyẹ tí a ń wá ìkó rẹ̀ fún adé àti fún ètùtù. Àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí rẹ̀ ní Gánà tẹ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2016. Ohun tí wọ́n rí ni pé láti ọdún 1992, nínú ọgọ́rùn-ún odídẹ tó wà nínú igbó Gánà, ó kéré tán àádọ́rùn-ún ti lọ. Àwọn tó ń kó wọn tà fún ẹni tó fẹ́ ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ wà lára ohun tó pa wọ́n run. Ọdún 2016 yẹn náà ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò pé kí a má ṣe tà á láti ilẹ̀ kan sí òmíràn mọ́.

Ìyá àgbà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí a ń sọ èyí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Ẹ̀yin ò mọ̀ pé ó ti lọ, torí ẹ fi orúkọ rẹ̀ pe ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Bí ọmọ bá rò pé táígà inú tẹlifíṣọ̀n ni ẹkùn, kò lè mọ̀ pé ẹkùn ti kúrò nínú igbó bàbá rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rí i, ó ń fò, ó ń jó, ó ń polówó oúnjẹ.

Àdán tó ń gbin ìrókò

Àwọn Asante ní ohun kan tó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti má ṣe gbàgbé. Àwọn ìdílé ńlá tí wọ́n ń pè ní abusua, ẹranko tàbí ẹyẹ ni àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìdílé Bretuo, tí àwọn ọba Mampong ti wá, ẹkùn ni tiwọn. Àṣá ni ti Oyoko, ìdílé Asantehene. Odídẹ ni ti Agona, ẹfọ̀n ni ti Ekuona, àdán sì ni ti Asenie. Ọmọ tó bá ti mọ ìdílé rẹ̀ ti mọ ẹranko kan nìyẹn.

Àdán ló mú ìyá àgbà wá. Láti òwúrọ̀ la ti ń gbọ́ ariwo wọn lórí igi inú ọgbà, bí ariwo ọmọ ilé ìwé nígbà ìsinmi. Kò sí ẹni tó kó wọn síbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló yan igi wọ̀nyẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló sì so rọ̀ bí èso. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń pọ̀ jù. Bí òjò bá dé, ọ̀pọ̀ wọn á ṣí lọ. Irú wọn kan náà ló wà ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ràn wọn, wọ́n ní wọ́n ń rùn, wọ́n sì ń dọ̀tí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Èso ni oúnjẹ wọn, wọ́n sì ń jẹ èso ìrókò. Wọ́n á jẹ ẹ́ níbì kan, wọ́n á fò lọ jìnnà, wọ́n á sì yàgbẹ́ irúgbìn rẹ̀ síbòmíràn. Ìwádìí tí a ṣe ní Gánà fi hàn pé àdán wà lára àwọn tó ṣe pàtàkì jù nínú gbígbin ìrókò káàkiri igbó. Igi tí àwọn bàbá wa ń bẹ̀rù, tí a fi ń ṣe ilẹ̀kùn àti ibùsùn, ìgbẹ́ àdán ló ń hù ú.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, a jáde, a dúró lẹ́bàá títì. Àdán kan gbéra, lẹ́yìn náà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà a ò lè kà á mọ́. Wọ́n gba orí ọjà kọjá, wọ́n gba orí àwọn ọkọ̀, àwọn èèyàn Kejetia sì ń bá ọjà wọn lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan. Ìyá àgbà di ọwọ́ ọmọ náà mú. Omi lé ròrò sójú wọn. "Wọn ò lé àwọn yẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Odò tí a ṣọ́ nítorí omi mímu

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí Owabi, ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Kùmásí, tí kò jìnnà sí ìlú. Láti ìgbà òyìnbó ni wọ́n ti sé odò Owabi kí ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Kí omi náà má bàa dọ̀tí, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáko tàbí dọdẹ yí i ká. Nígbà tó ṣe, igbó náà di ilé àwọn ẹyẹ. Ìjọba sọ ọ́ di ibi ìpamọ́ ẹranko ní ọdún 1971, ní ọdún 1988 sì ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé Ramsar, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ilẹ̀ olómi. Mẹ́fà ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí Gánà ní nínú ìwé náà. Márùn-ún wà ní etíkun. Owabi nìkan ló wà láàárín ilẹ̀.

Irú ẹyẹ tó wà níbẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀ṣọ́ tó mú wa rìn ní kí a má pariwo, àwọn ọmọ sì gbọ́ràn ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ nílé lọ. A rí àgbìgbò tó ń fò, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń dún fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀. A rí lékeléke ní etí omi, a sì rí ẹyẹ kan tó dúró lórí kùkùté, tó ṣàdédé já bọ́ sínú omi, tó gbé ẹja jáde. Ẹ̀gbọ́n obìnrin ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Níbi tí àwa òbí ò ti mọ orúkọ ẹyẹ ní Yorùbá, ìyá àgbà sọ ọ́. Níbi tí ìyá àgbà kò ti mọ̀, a fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé. Àyè náà pọ̀ ju bí a ti fẹ́ lọ.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìlú náà ò ṣọ́ igbó yẹn nítorí ẹyẹ. Omi mímu wọn ni wọ́n ń ṣọ́, ẹyẹ sì jàǹfààní rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 2005. Òrìṣà ni wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀, ọ̀bọ àti ẹja inú odò náà sì rí ààbò. Ohun tí èèyàn bá kà sí tirẹ̀ ló máa ń ṣọ́.

Fún ẹ̀yin òbí tó bá fẹ́ lọ

Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS ni wá, nítorí náà a kò nílò físà láti wọ Gánà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ẹ mú ìwé ìrìnnà tó ṣì lágbára dání fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Bí ó bá jẹ́ òbí kan ṣoṣo ló ń mú ọmọ rìn, ó dára kí ìwé ìyọ̀ǹda òbí kejì wà lọ́wọ́.

Ẹ lọ ní òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn kò tíì mú, tí ẹranko ṣì ń rìn. Ẹ dé fìlà fún àwọn ọmọ lábẹ́ igi àdán, ẹ sì kìlọ̀ fún wọn gidigidi pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan àdán, ìbáà jẹ́ èyí tó já bọ́ tàbí òkú rẹ̀, nítorí ó lè gbé àìsàn. Kí wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Fún Owabi, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹranko igbó sọ̀rọ̀ ní Kùmásí, ẹ má sì wọ igbó láìsí ẹ̀ṣọ́.

Ẹni tí kò lè rìn jìnnà, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí, láti ọdún 1948 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹkki náà ní ibi ìpamọ́ igbó àti ẹranko tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ mú àgbàlagbà kan dání tó mọ orúkọ ẹranko ní Yorùbá. Kò sí ìwé tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a padà délé, ọmọ wa ya àwòrán méjì sí ojú ewé kan. Ọ̀kan ní ilà, ó kọ "táígà" sábẹ́ rẹ̀. Èkejì ní àmì tótòtó, ó kọ "ẹkùn" sábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e fún ìyá àgbà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní àmì náà kò tíì pọ̀ tó, kí ó lọ fi kún un.

Ó ṣì ń fi kún un títí di bí a ṣe ń kọ èyí.